Ọdún tí òfin fi lé ẹjọ́ ọ̀daràn ní Benin: ohun tó ń dá a dúró àti ohun tí kì í dá a dúró

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Òfin 2012-15, èyí tí à ń fi ṣẹjọ́ ọ̀daràn ní Benin, pín ọ̀ràn sí mẹ́ta, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye ọdún tí a gbọ́dọ̀ fi gbé ẹjọ́ rẹ̀ dìde; bí ọdún náà bá pé, a ò lè ṣẹjọ́ rẹ̀ mọ́. Ìpànìyàn àti irú rẹ̀, ọdún 10. Olè jíjà lásán àti jìbìtì, ọdún 3. Ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́, ọdún 1. Ọdún gbáko ni, ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ kò sì sí nínú rẹ̀. Alùpùpù tí wọ́n jí lọ́jà Ouando ní 12 oṣù kẹta 2022, ọjọ́ kejì la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣe nǹkan kan sí i, ó tán lóru 12 oṣù kẹta 2025.

Ó máa ń dun ẹni tí wọ́n jà lólè, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé òfin ń gbè sẹ́yìn olè. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lè sọ pé oko lòun wà lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹni tí wọ́n jọ wà lóko ti kú, ikán ti jẹ ìwé tí ì bá fi gbèjà ara rẹ̀, ẹnu olùfisùn nìkan ló kù. Ẹlẹ́rìí pàápàá kò ní in lọ́kàn láti purọ́, àmọ́ ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà títí, kò mọ èyí tó fojú rí yàtọ̀ sí èyí tó gbọ́ mọ́.

Ìyá Kétu:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Lẹ́tà ló ń kó èèyàn sí wàhálà jù. Wọ́n á gbé ìfisùn lọ fún procureur, agbẹjọ́rò ìjọba, wọ́n á gba òǹtẹ̀, wọ́n á lọ jókòó sílé. Lẹ́tà lásán kì í dá kíkà ọdún dúró! Ohun tó ń dá a dúró ni iṣẹ́ ìwádìí tàbí ìpẹ̀jọ́: PV (procès-verbal), ìyẹn àkọsílẹ̀ ìwádìí tí ọlọ́pàá kọ, àṣẹ procureur pé kí wọ́n wádìí, ìwé ìpè sí kóòtù, ìwé àṣẹ ìmúni. Bí ọ̀kan bá ti wáyé, ọdún á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kódà fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà.

Nítorí náà, lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ padà lọ béèrè nọ́ńbà PV àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kó ku oṣù kan. Ẹ lọ bá adájọ́ tó ń ṣèwádìí, kí ẹ fi ara yín hàn gẹ́gẹ́ bíi partie civile, ìyẹn ẹni tí ọ̀ràn náà pa lára tó sì ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Yóò dá iye owó tí ẹ máa fi sílẹ̀ ní greffe, ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù, yóò sì dá ọjọ́. Owó tí kò bá dé lọ́jọ́ náà, wọn ò ní gba ìfisùn yẹn. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Òótọ́ ni, ìyá wa. Àwọn ará Kétu tún máa ń ní, "Ó ti sá gba Ìlárá lọ sí Nàìjíríà, ọdún ò lè kà fún un." Ó ń kà. Sísá kì í dá a dúró, ìwé àṣẹ ìmúni ló ń dá a dúró. Òfin Nàìjíríà ló ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wọn lójú, torí níbẹ̀ kò sí gbèdéke gbogbogbò fún ọ̀ràn ńlá. Lọ́dọ̀ tiwa, ìpakúpa ẹ̀yà àti ìwà ọ̀daràn ogun wà lára ohun tí ọdún kì í pa.

Ẹni tó sì rò pé ọdún 3 òun ti pé, kó kọ́kọ́ wá PV tàbí ìwé ìwádìí àti ìpẹ̀jọ́ tó gbẹ̀yìn nínú fáìlì. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ ni kí ó fi ka ọdún náà.