Ìmọ̀ràn: Tẹlifíṣọ̀n wo ni kí n rà sí pálọ̀ kékeré pẹ̀lú 110,000 sẹ́fà?

Ayálégbé Ọwándó:
Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé yàrá kan àti pálọ̀ kan ní Àjàṣẹ́, lápá Ọwándó, mo sì fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ohun tí mo lè ná kò ju 110,000 sẹ́fà lọ, nítorí pé owó ilé oṣù mélòó kan tí onílé gbà ṣíwájú ti gbọn àpò mi gbẹ. Láti orí àga dé ara ògiri kò ju mítà méjì lọ. Ohun méjì ni mo rí tí owó mi ká: ọ̀kan jẹ́ tuntun íńṣì 32 nínú páálí, èkejì sì jẹ́ tòkunbọ̀ íńṣì 43 tí ẹni tó ń tà á sọ pé ilẹ̀ Faransé ni ó ti wá. Ìròyìn, bọ́ọ̀lù àti eré Yorùbá tí ìyàwó mi ń wò lórí fóònù ni a óò máa fi wò. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ fi owó mi kọ́gbọ́n.

Ìyá Ìbejì:
Ayálégbé Ọwándó, ilé á tura fún yín o. Mo ti ra tòkunbọ̀ rí, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́. Ilé ìtajà náà, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, tan ẹ̀rọ náà fún mi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwòrán rẹ̀ ń dán gbinrin, mo sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn biribiri, ṣùgbọ́n ohùn ń jáde ketekete bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Táyé tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, ó sì pariwo pé, “Màmá, àwọn èèyàn ṣì wà nínú ẹ̀ o!” Nígbà tí mo wò ó dáadáa, mo rí ẹni tó ń ka ìròyìn, tó ń mì bí òjìji, tó sì ń báṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú òkùnkùn. Mo padà lọ bá àwọn tó tà á, wọ́n ní ọjà tòkunbọ̀ kì í ní àpadàbọ̀. Tuntun ni kí ẹ rà, kí ẹ sì gba ìwé gàráǹtì pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé ìtajà lórí rẹ̀.

Atẹ̀rọṣe Kétu:
Ohun tí Ìyá Ìbejì rí yìí, a máa ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní, èyí tí à ń pè ní LED, kì í dá tàn fúnra rẹ̀. Àwọn iná wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń gba inú àwòrán kọjá sí ojú wa, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a gbé àtùpà sẹ́yìn aṣọ. Bí àwọn iná náà bá jó, àwòrán ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò ní tó o mọ́ àfi bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Àwọn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n sì ti lò fún ọdún méje tàbí mẹ́jọ lókè òkun ti jẹ nínú ẹ̀mí wọn kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi rárá. A lè pààrọ̀ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ gbé gíláàsì iwájú kúrò kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bí ọwọ́ ẹni tó ń gbé e bá sì yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti fọ́ nìyẹn, owó gíláàsì mìíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó odidi tẹlifíṣọ̀n.

Ohun mìíràn tí àwọn tó ń tajà kì í sọ ni ti gbígba ìkànnì. Ìlànà DVB-T2, ìyẹn ìran kejì ọ̀nà tí à ń gbà fi àwòrán díjítà ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́, ni TNT, tẹlifíṣọ̀n díjítà tí à ń fi ẹ̀ríàlì gbà, ń tọ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé tún TNT tiwọn tò ní oṣù kẹrin ọdún 2016, MPEG-4, tí í ṣe ọ̀nà ìfúnpọ̀ àwòrán, ni wọ́n kó gbogbo ìkànnì lọ sí. Ṣùgbọ́n ní ti fífi í ránṣẹ́, orí DVB-T àtijọ́, tí í ṣe ìran àkọ́kọ́, ni wọ́n dúró sí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó ti pẹ́ tó ń ti ibẹ̀ wá kò mọ T2 rárá, ẹni tó bá rà á yóò tún ra dekódà mọ́ ọn. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìlànà tiwọn yàtọ̀ pátápátá, òmíràn nínú wọn kò sì lè gba iná tó ju fóltì 120 lọ, bẹ́ẹ̀ 220 ni tiwa. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta kí ẹ ka àlẹ̀mọ́ tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà.

Ará Ṣábẹ:
Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀rọṣe, mo gbà pẹ̀lú yín lórí púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a da gbogbo tòkunbọ̀ nù. Íńṣì 40 tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé mi títí di òní. Ní ti ojú rírí, mítà méjì kò kéré jù fún íńṣì 43. Igun dé igun ni wọ́n ń wọn íńṣì, nítorí náà 43 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 109, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 95, nígbà tí 32 jẹ́ 81, tí ìbú rẹ̀ sì tó 71. Ní ti iye ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán, ní ìbú sí òró, ọ̀pọ̀ íńṣì 32 olówó pọ́ọ́kú jẹ́ 1366 sí 768, bẹ́ẹ̀ 43 sábà máa ń jẹ́ 1920 sí 1080 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù yóò mọ ìyàtọ̀ náà nígbà tó bá fẹ́ ka iye góòlù ní igun òkè.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi àwòrán funfun báláú kan sínú fílááṣì, kí ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì bo iwájú ṣọ́ọ̀bù kó ṣú díẹ̀. Ibi tí iná ẹ̀yìn bá ti rẹ̀ yóò hàn bí àbàwọ́n lára aṣọ àlà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ gàráǹtì oṣù kan sílẹ̀. Bó bá kọ̀, ó ti dá yín lóhùn.

Oníṣòwò Ìgólò:
Ẹ kò ṣe kọjá sí Ìdí-Ìrókò ní ilẹ̀ Nàìjíríà? Owó náírà ti lọ sílẹ̀ gan-an, tuntun inú páálí lẹ óò gbé bọ̀.

Atẹ̀rọṣe Kétu:
Ní ti iná, kò sí ìṣòro, nítorí pé 230 ti ọ̀dọ̀ wọn àti 220 tiwa kò yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ. Ìdí wáyà wọn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin, kò ní wọ ihò ògiri ilé wa, ṣùgbọ́n owó kékeré ni a fi ń pààrọ̀ ìyẹn. Ibi tí ẹ̀fọ́rí wà ni pé gàráǹtì òdìkejì ẹnubodè ń dúró sí òdìkejì ẹnubodè, àwọn aṣọ́bodè sì ní owó tiwọn láti gbà. Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Ohun tó ń pa tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ wa jù ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí SBEE, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná wa, bá mú iná padà dé, agbára rẹ̀ lè kọ́kọ́ ga jù tàbí kó relẹ̀ jù. Mo bẹ yín, nínú 110,000 náà, ẹ yọ owó régulateur, ẹ̀rọ tó ń mú agbára iná dúró déédéé, sọ́tọ̀ kí ẹ tó yan tẹlifíṣọ̀n, kó má jẹ́ pé ṣẹ́ńjì tó bá kù ni ẹ óò fi rà á. Bí òjò bá ṣú, ẹ yọ ìdí wáyà kúrò lára ògiri, kí ẹ sì yọ ti ẹ̀ríàlì pẹ̀lú, nítorí pé àrá kì í béèrè ọ̀nà tí yóò gbà wọlé.

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀gá Kétu, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ àrá yẹn ni mo gbàgbé. Ayálégbé, ṣé ilé bíríkì ni ilé yín, àbí ọ̀kan nínú àwọn ilé àgùdà àtijọ́ tí ìlú wa kún fún? Amọ̀ ni ògiri púpọ̀ nínú ìyẹn, ìṣó kì í dúró níbẹ̀; èyí tí àbúrò mi gbé kọ́ sí irú rẹ̀ já lulẹ̀ tòun ti èèpẹ̀. Orí tábìlì ni kó wà. Ní ti eré Yorùbá, bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rántí pé wákàtí kan àwòrán HD lè jẹ tó gígá mẹ́ta. Fóònù ìyàwó yín rọra ń jẹ tirẹ̀ ni.

Ayálégbé Ọwándó:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Mo padà lọ lánàá pẹ̀lú fílááṣì lọ́wọ́. Ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rí oníbàárà tó ń mú àwòrán funfun wá rí. Nígbà tó tó ogún ìṣẹ́jú, òjìji kan bíi àtẹ́lẹwọ́ yọ ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Lórí àlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, DVB-T nìkan ni wọ́n kọ. Mo béèrè ìwé oṣù kan, ó ní òun yóò fi ẹnu ṣèlérí.

Íńṣì 32 tuntun ni mo rà ní 79,000, ó ní T2 àti ihò HDMI méjì, wọ́n sì fún mi ní ìwé gàráǹtì ọdún kan pẹ̀lú òǹtẹ̀. Mo ra régulateur ní 16,000. Kì í ṣe èyí tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà fílááṣì ni a óò máa fi wo eré. Ilé wa jẹ́ bíríkì, ṣùgbọ́n onílé kò fẹ́ ihò lára ògiri, nítorí náà orí tábìlì náà ló wà. Ìyàwó mi ní ó kéré, ó sì ti sún àga síwájú. Ọ̀gá Atẹ̀rọṣe, ìbéèrè kan ló kù: ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní 100 láti inú páálí. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Atẹ̀rọṣe Kétu:
Rárá o. Ẹ fà á sí 60 lọ́sàn-án, kí ẹ sì fi í sí 40 bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Fífi í sílẹ̀ ní 100 wà lára ohun tó ń jó àwọn iná ẹ̀yìn náà kíákíá, fífà á wálẹ̀ yóò sì dín iná tó ń jẹ kù pẹ̀lú.