Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ìtàn Ifẹ̀ àtijọ́ ṣe kọ́míìkì, kàtúùnù tàbí géèmù, ẹ wá sọ ìrírí yín

Ará Ìlàrè
Ẹ kú ilé o. Láti ìgbà tí kàtúùnù Iyanu ti bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni àwọn ọmọ àdúgbò wa ti ń fi igi ja ogun kiri. Ọmọ Èkó ni Roye Okupe tó dá ìtàn náà sílẹ̀. Kí àwọn ńláńlá tó mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ ìwé àwòrán rẹ̀, tó ń ní kí àwọn òǹkàwé bá òun dáwó lórí Kickstarter. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà n'Ífẹ̀ gan-an ńkọ́? Ta ló ń yà á, ta ló ń kọ ọ́ láti ibí? Ojú wo sì ni àwọn àgbà fi ń wò yín? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé owó ò sí, a ti mọ ìyẹn.

Ọmọ Mọ̀rè
Èmi rèé. Àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí ní Igbó Olókun ni ìwé àwòrán tèmi dá lé. Alaalẹ́ ni mò ń yà á, lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó gbọ́ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa ní kí n fi ẹ̀wù irin wọ àwọn ọmọ ogun mi, kí n kọ́ ilé olókùúta gàgàrà fún ọba, pé ohun tí ayé ń rà nìyẹn. Mo ní nítorí kí ni? Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ Igbó Olókun, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Wọ́n yẹ èròjà rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kò jọ ti àwọn Lárúbáwá, kò sì jọ ti Yúróòpù. Ibí ni wọ́n ti sè é, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo iná tó gbóná débi tó ń sọ iyanrìn di omi, nínú igbó, lóru, lọ́wọ́ àwọn tí kì í sọ àṣírí iṣẹ́ wọn fún àlejò. Kí ni mo tún fẹ́ fi ẹ̀wù irin ṣe? Ohun tí mo fi kún un ò pọ̀: nínú ìtàn tèmi, sẹ̀gi kọ̀ọ̀kan gbé ohùn ẹni tó ṣe é pamọ́. Bí ọba bá wọ̀ ọ́ sọ́rùn, gbogbo àwọn òkú yẹn á máa bá a sọ̀rọ̀, kò sì lè ní òun ò gbọ́.

Mo máa ń mú pẹ́ńsù lọ sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́bàá ààfin l'Ẹ́nuwà. Bí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ yà á, ojú á rí ohun tí fóònù kì í rí. Àwọn ère orí àtijọ́ tó wà níbẹ̀, òmíràn ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú orí dé ọrùn, òmíràn ò ní ìlà kankan. Àwọn kan ní ihò wẹ́wẹ́ yí ẹnu àti àgbọ̀n ká. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ihò yẹn: ṣé irùngbọ̀n ni wọ́n ń so mọ́ ọn ni, àbí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń bo ẹnu ọba? Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn yẹn gan-an ni mo pàgọ́ ìtàn mi sí. Kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ni mo pa.

Ní ti àwọn àgbà tí ẹ bèèrè: bàbá kan wà ládùúgbò wa tó mọ ìtàn agboolé bí ẹní mowó. Mo kó ojú ewé mélòó kan lọ bá wọn, mo ti múra pé wọ́n á lé mi jáde. Wọ́n dé ibi tí obìnrin kan ti ń fò, wọn ò wí nǹkan kan. Wọ́n dé ibi tí odò ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀sìnmìrìn ńkọ́? Ṣé kò bá Mọremí sọ̀rọ̀ ni?" Ìgbà tí wọ́n rí ibi tí ọmọdébìnrin inú ìtàn mi dúró ṣánṣán níwájú Ọọ̀ni, tó na ìka, ni wọ́n yọ awò ojú.

"Ta ni bàbá èyí?"

"Bàbá, ẹ má bínú, ìtàn lásán ni."

"Mo mọ̀ pé ìtàn ni. Mo ní ta ló tọ́ ọ? Ṣé wọn kì í kúnlẹ̀ nínú ìtàn ni?"

Mo tún un yà. Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ líle kan náà láti orí ìkúnlẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó wá mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ojú ewé kan tún wà tí bàbá fọwọ́ bò. Wọ́n ní, "Èyí, fi í sílẹ̀." Mi ò bèèrè ìdí. Ilẹ̀kùn títì ni mo yà síbẹ̀.

Ọmọ Obòkun
Iléṣà ni mo wà, ẹ má bínú pé mo yà wá. Géèmù orí fóònù ni tiwa, èmi àti àbúrò mi. Ajíbógun ló lọ bu omi òkun wá láti fi wo ojú Odùduwà, ìyẹn ni wọ́n fi ń kí Ọwá wa ní Obòkun títí dòní. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún tán kó tó dé. Ẹ sọ fún mi, òǹkọ̀wé géèmù wo ló máa ní ìtàn báyìí lọ́wọ́ tí á tún lọ yá ti àwọn ẹlòmíràn? Ìrìn lọ, ìrìn bọ̀, omi tí kò gbọdọ̀ dànù, ilé tí wọn ò ti dúró dè ọ́.

Àwọn tó fún wa láyà ni Kiro'o Games ní Yaoundé. Ọdún 2016 ni géèmù Aurion tiwọn jáde, láti Kamẹrúùnù, níbi tí iná ọba ti ń ṣe ségesège bíi tibí. Olivier Madiba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ta ìpín ilé-iṣẹ́ fún àwọn èèyàn kéékèèké kí wọ́n tó rówó ṣe é. Àwa ò tíì dé ìdí ìyẹn. Fóònù ni wàhálà tiwa. Ẹni tí a ń ṣe é fún, fóònù rẹ̀ kéré, àyè inú rẹ̀ ti kún fún fídíò WhatsApp. Bí géèmù bá wúwo, wọ́n á pa á rẹ́ kí wọ́n tó kọjá odò àkọ́kọ́. Nítorí náà a yọ gbogbo àwòrán tó ń dán gbinrin, a fi orin àti ohùn rọ́pò. Ní báyìí, tí omi bá fẹ́ dànù, ìlù ló máa ń yí padà, ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú fóònù. Àbúrò mi ló ronú ìyẹn, kó má di pé mo gba oyè olóyè.

Tíṣà Mọ́dákẹ́kẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Olùkọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Mo ka kọ́míìkì kan nípa Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin, fún kíláàsì mi. Ìtàn sọ pé òun ló ní kí wọ́n máa fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ní Ifẹ̀. Òbí kan wá bá mi lọ́jọ́ kejì: "Tíṣà, òrìṣà lẹ fẹ́ máa kọ́ ọmọ mi." Mo ní kó jókòó. Mo bi í pé ìwé Fágúnwà tí bàbá rẹ̀ kà, kí ló wà nínú rẹ̀ bí kò ṣe iwin àti àǹjọ̀nnú, ṣebí olùkọ́ ilé ìwé ìjọ ló kọ ọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní kíláàsì mi.

Mo tún sọ fún àwọn ọmọ náà pé ọdún 1938 tí ìwé Fágúnwà àkọ́kọ́ jáde náà ni àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ kan orí idẹ nínú ilẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní ṣé àwọn orí náà ti ń gbọ́ ìtàn náà ni wọ́n ṣe jáde. Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ wá gba ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ Ifẹ̀ l'Átàlántà
Níbí, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Charles Saunders gbé ìwé ìtàn Imaro jáde lọ́dún 1981, nígbà tí àwọn ìwé ìtàn idán kì í fi ènìyàn dúdú ṣe nǹkan kan àfi ẹrú tàbí òǹrorò. Milton Davis ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ níbí. Mo ti gbọ́ tí àwọn ará ilé ń bú wọn pé wọ́n ń da Ifẹ̀, Màlì àti Etiópíà pọ̀ sínú ìkòkò kan. Èmi ò bú wọn. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó mọ agboolé tó ti ṣẹ̀ wá, gbogbo ilẹ̀ náà ni yóò pè ní ilé. Àwa tí a mọ tiwa ni kí wọ́n bi léèrè pé kí la fi ṣe.

Ọmọ Mọ̀rè
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára o. Ẹ bá mi ra ẹ̀dà mẹ́wàá nígbà tó bá jáde.

Ará Ìlàrè
Ọ̀rọ̀ ti dùn, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Tíṣà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ka kọ́míìkì Lúwo yẹn sórí rẹ́kọ́dà, tí ẹni tó kọ ọ́ bá gbà. Obìnrin tí yóò ṣe ohùn Ọọ̀ni là ń wá. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè Ifẹ̀ kínníkínní, kì í ṣe Yorùbá orí rédíò.

Tíṣà Mọ́dákẹ́kẹ́
Ìyá ọkọ mi wà ńlẹ̀, Ìlódè ni wọ́n bí wọn sí. Ohùn wọn á ṣe é dáadáa. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró dè yín o, torí èébú tí wọ́n máa bu yín ò ní sí nínú ìwé náà.