Báwo ni ọkọ̀ agbépo Neosho ṣe léfòó fún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn bọ́ǹbù méje?

Olùkọ́ Ìtàn, Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ilé-Ifẹ̀, orí Ogun Àgbáyé Kejì ni èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì wà ní sáà yìí. Nígbà tí a dé orí ìjà Òkun Kọ́ráàlì tó wáyé láàárín Amẹ́ríkà àti Jàpáánì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1942, mo dárúkọ ọkọ̀ agbépo àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ USS Neosho. Mo sọ fún wọn pé bọ́ǹbù méje ló bà á ní ọ̀sán ọjọ́ 7 oṣù náà, síbẹ̀ tí kò rì títí di ọjọ́ 11.

Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń wa táńkà epo dìde lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, táńkà tó gbiná lójú ọ̀nà Ìbàdàn lọ́jọ́sí kò gbà ju wákàtí kan lọ tó fi jóná ku irin lásán. Báwo ni ọkọ̀ tí epo kún inú rẹ̀ ṣe máa jẹ bọ́ǹbù méje tí kò ní fọ́n ká lójú ẹsẹ̀?" Kíláàsì dákẹ́, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ mi. Mi ò rí èsì kan tó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn, mo bá ní kó fún mi láyè kí n lọ wádìí.

Ẹ bá mi dá sí i. Mo sì tún fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà ti ṣe kí ọjọ́ yẹn tó dé, nítorí pé ikú rẹ̀ nìkan ni ìwé tó wà lọ́wọ́ mi sọ.

Atukọ̀ Àgbà, Iléṣà:

Ẹ kú ọjọ́, Olùkọ́ wa. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ agbépo lójú òkun kí n tó fẹ̀yìntì wá sílé ní Iléṣà. Ìbéèrè tó bi yín gan-an ni mo bi ọ̀gá mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, nítorí pé oorun kò kùn mí nígbà tí mo mọ ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn mi.

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù Neosho kì í ṣe bẹntiróòlù bí èyí tí bàbá rẹ̀ ń gbé. Epo dúdú tó ki ni, tí àwọn ọkọ̀ ogun ìgbà náà fi ń dáná sábẹ́ bọ́ílà wọn, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tó ń se omi di sítíìmù. Irú epo bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbiná, àfi kí ó kọ́kọ́ gbóná dáadáa. Bẹntiróòlù yàtọ̀ sí i, nítorí pé oru tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń gbiná, oru yẹn sì máa ń jáde bó ti wù kí ojú ọjọ́ tutù tó. Ìdí nìyí tí àwa tí a ṣe iṣẹ́ náà fi máa ń bẹ̀rù àgbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já epo inú rẹ̀ tán ju èyí tó kún dé ẹnu lọ: èyí tó kún kò ní àyè fún oru, ṣùgbọ́n èyí tó ṣófo ti di ilé oru àti afẹ́fẹ́ pọ̀, ìṣáná kan péré ló kù.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe kan ọkọ̀ náà. Inú ọkọ̀ agbépo rí bí afárá oyin. Ògiri irin ló pín in sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá, débi pé bí bọ́ǹbù bá lu méjì tàbí mẹ́ta, omi òkun á wọ àwọn yẹn, àwọn yòókù á sì wà ní dídé gbọin. Ẹ tún rò ó wò pé epo fúyẹ́ ju omi lọ. Ẹni tó bá ti da epo pupa sínú abọ́ omi rí mọ èyí tó máa wà lókè. Ọkọ̀ tí epo wà nínú yàrá rẹ̀ kò wúwo tó ọkọ̀ tí omi òkun kún inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 6, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú ìkọlù náà, Neosho ti fún ọkọ̀ agbébàálù Yorktown àti ọkọ̀ ogun Astoria ní epo, nítorí náà ó ti fúyẹ́ díẹ̀ sí i.

Iná kò ṣàìmú un o. Bàálù Jàpáánì kan tí ìbọn ti bà jẹ́ wá já lu ọkọ̀ náà, bẹntiróòlù inú bàálù sì tú sórí dẹ́ẹ̀kì, ó gbiná. Ẹ ò rí i pé ohun tí ọmọ yẹn sọ nípa bẹntiróòlù tọ̀nà.

Ní ti iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn, odò kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ náà lórúkọ. Kearny, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ni wọ́n ti kàn án, ó sì wọ iṣẹ́ ogun ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1939. Ó gùn tó 553 ẹsẹ̀ bàtà, ó ń sáré tó máìlì ojú òkun 18 ní wákàtí kan, ó sì lè gbé epo tó lé ní 140,000 àgbá (àgbá kan tó nǹkan bí lítà 159). Kí ọmọ yẹn lè fojú inú wo ìyẹn, ẹ ní kó ro táńkà bàbá rẹ̀, èyí tó ń gba lítà 33,000, kí ó to irú rẹ̀ tó lé ní 650 tẹ̀lé ara wọn. Eré rẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé àwọn ọkọ̀ agbépo tó ṣáájú rẹ̀ máa ń lọ́ra, ọkọ̀ ogun tó bá fẹ́ gba epo lọ́wọ́ wọn á dẹ́rìn títí yóò fi di ẹran àmúsọ fún ọ̀tá. Neosho àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Cimarron, lè bá ọkọ̀ ogun rìn pọ̀.

Wọ́n ń gba epo lórí ìrìn ni. Ọkọ̀ méjèèjì á máa sáré bákan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, rọ́bà ńlá á sì rọ̀ láàárín wọn bí okùn aṣọ. Lọ́dún 1917, lórí ọkọ̀ agbépo Maumee, ni wọ́n ti fi ọgbọ́n yìí fún àwọn ọkọ̀ ogun kékeré ní epo láàárín Òkun Àtìláńtíìkì, ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Chester Nimitz sì wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Nimitz yìí kan náà ló ń darí àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà lórí Òkun Pàsífíìkì nígbà tí Neosho kú.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941 ni Neosho kọ́kọ́ rí ogun. Ó wà ní Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii, lẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù Ford, láàárín àwọn ọkọ̀ ogun ńláńlá, ó sì ti já epo bàálù sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa àgbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo. Nígbà tí bọ́ǹbù Jàpáánì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ọ̀gá ọkọ̀ náà, John S. Phillips, fi ẹ̀yìn wà á jáde láàárín èéfín àti ìbọn, ó gbé e lọ síbi tó dákẹ́ díẹ̀. Àwọn tó ń yin ìbọn rẹ̀ já bàálù kan bọ́, ènìyàn mẹ́ta péré ló sì farapa. Bí iná bá mú un níbi tó wà yẹn, mi ò mọ ohun tí ì bá ṣẹ́ kù lára àwọn tó yí i ká.

Ọmọ Ifẹ̀ Ń Kàwé:

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Mo fẹ́ fi kún un nípa ìdí tí Jàpáánì fi dà bo ọkọ̀ agbépo bí ẹni tó rí ọba, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Lẹ́yìn tí Neosho fún Yorktown ní epo tán, wọ́n ní kó kúrò níbi ìjà, kó lọ dúró níbi tí kò ti ní séwu, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo, Sims, tó ń ṣọ́ ọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 7, bàálù amí Jàpáánì rí àwọn méjèèjì látòkè, ó sì ránṣẹ́ sílé pé òun rí ọkọ̀ agbébàálù kan àti ọkọ̀ ogun ńlá kan. Dẹ́ẹ̀kì Neosho gùn ó sì tẹ́jú, láti òkè, kò ṣòro kéèyàn ṣì í mú. Ìhìn yẹn ni Shokaku àti Zuikaku, ọkọ̀ agbébàálù Jàpáánì méjèèjì, gbọ́ tí wọ́n fi rán bàálù 78 jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n rí i pé ọkọ̀ agbépo ni. Wọ́n wá ọkọ̀ agbébàálù náà kiri títí, wọn kò rí i, àwọn tó gbé tọ́pídò, ìyẹn bọ́ǹbù tó ń sáré nínú omi, sì yí padà. Àwọn tó gbé bọ́ǹbù nìkan ló kù, àwọn ló sì kọlù wọ́n ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán. Bọ́ǹbù mẹ́ta ba Sims, ó sì rì kíákíá pẹ̀lú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, nígbà tí bàálù Jàpáánì ń wá ohun tí kò sí kiri, àwọn bàálù láti orí Lexington àti Yorktown, ọkọ̀ agbébàálù Amẹ́ríkà méjèèjì, rí ọkọ̀ agbébàálù Jàpáánì kan, Shoho, wọ́n sì rì í. Ó lé ní 600 ènìyàn tó bá a lọ. Mo gbà pé láìmọ̀, Neosho fi ara rẹ̀ gba ohun tí ì bá bọ́ sórí àwọn ọkọ̀ agbébàálù Amẹ́ríkà lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì ni ogun tó dé bá Lexington, ó sì rì.

Olùkọ́ Ìtàn, Ilé-Ifẹ̀:

Bàbá, mo dúpẹ́ gan-an. Àbúrò mi, ìwọ náà ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ kó o parí ẹ̀kọ́ náà láyọ̀. Ohun kan ṣì ń dùn mí. Bí àwọn ará Neosho bá ti fi wáyà sọ pé ọ̀tá ti kọlù àwọn, kí ló dé tó fi di ọjọ́ kẹrin kí olùgbàlà tó dé?

Ọmọ Ifẹ̀ Ń Kàwé:

Ẹ̀gbọ́n, àṣìṣe ìṣirò ni. Ibi tí ọkọ̀ wà lójú òkun, tí wọ́n fi wáyà sọ, kì í ṣe ibi tó wà ní tòótọ́. Wọ́n rán ọkọ̀ Monaghan jáde láti wá wọn, ó dé ibẹ̀, omi lásán ló rí. Bàálù ló padà rí Neosho, tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí omi ń wọ dẹ́ẹ̀kì rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ 11, ọkọ̀ Henley dé, ó kó ènìyàn 123: 109 jẹ́ ti Neosho, 14 jẹ́ ti Sims. Lẹ́yìn náà, Henley fúnra rẹ̀ fi tọ́pídò àti ìbọn ńlá rì í, kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló dúró. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí wọ́n múra láti fi ọkọ̀ sílẹ̀. Nínú ariwo àti iná, àwọn kan gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ti ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n sì bẹ́ sómi. Ènìyàn 68 wà lórí àwọn pátákó ìgbàlà tí wọ́n so pọ̀. Omi gbé wọn lọ, láìsí omi mímu tó tó, lábẹ́ oòrùn. Nígbà tí ọkọ̀ Helm rí wọn lẹ́yìn ọjọ́ tó ju mẹ́jọ lọ, mẹ́rin péré ló wà láàyè, méjì nínú wọn sì tún kú. Mi ò lè ka ibẹ̀ láìdúró.

Atukọ̀ Àgbà, Iléṣà:

Olùkọ́, orúkọ kan wà tí mo fẹ́ kí ọmọ yẹn gbé lọ sílé: Oscar Verner Peterson. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú omi bọ́ílà nínú Neosho. Nígbà tí bọ́ǹbù ti ṣe àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ léṣe, tí òun náà ti farapa gan-an, ó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ ti àwọn fáàfù sítíìmù tó wà lára ògiri irin, ìyẹn ohun tí wọ́n ń yí láti dí ọ̀nà sítíìmù nínú páìpù. Iná sítíìmù tún bó o sí i níbẹ̀, ọgbẹ́ náà ló sì pa á. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n fún un ní Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí Amẹ́ríkà ń fún jagunjagun, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ ogun kan.

Mo mọ bí irú fáàfù yẹn ṣe ń rí lọ́wọ́. Páìpù kan bẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ọkọ̀ tí mo wà. Kì í ṣe ti ogun, ògbólógbòó páìpù lásán ni. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Níbi tí sítíìmù gidi ti ń jáde, ojú kì í rí i. Èyí tó funfun bí ìkùukùu ti tutù díẹ̀. Nítorí náà, ńṣe lèèyàn ń fi etí wá ibi tí ikú wà. Mo rì àpò ìdọ̀họ bọ omi, mo fi wé ọwọ́ méjèèjì, mo di kẹ̀kẹ́ fáàfù náà mú, mo sì ń ka bí mo ṣe ń yí i. Ìgbà mẹ́rìnlá ni. Kí n tó dé ìkẹwàá, àpò náà ti gbẹ. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ òsì mi títí dòní, fáàfù kan ṣoṣo sì ni tèmi, ara mi sì dá ṣáṣá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ti Peterson ju ẹyọ kan lọ, ó sì ti farapa kó tó fọwọ́ kan èyí àkọ́kọ́.

Olùkọ́ Ìtàn, Ilé-Ifẹ̀:

Bàbá, omi bọ́ lójú mi. Èmi yóò ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn bó ṣe wà, kò sí èyí tí mo máa yọ kúrò. Mo ti bá bàbá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, inú rẹ̀ sì dùn débi tó fi ní òun máa gbé táńkà òun wá sí iwájú ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí òun bá já epo tán ní Sábó, kí òun ṣí ẹnu àgbá kí àwọn ọmọ wo bí wọ́n ṣe pín inú rẹ̀ sí yàrá.

Atukọ̀ Àgbà, Iléṣà:

Rárá o, Olùkọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ pè é padà lónìí. Àgbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bẹntiróòlù tán kọ́ ni wọ́n ń ṣí sójú àwọn ọmọdé. Oru inú rẹ̀ ni mo ti ń sọ láti òkè. Kí ó fi táńkà náà sílẹ̀ ní gáréèjì, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kí ẹ sì fún un ní ṣọ́ọ̀kì kó ya inú rẹ̀ sára pátákó. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, èmi náà lè wọ mọ́tò wá láti Iléṣà lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, kí n ya ti Neosho sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.