Orin á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ọ̀rọ̀ orin àpàlà àtijọ́ sílẹ̀ fún bàbá mi, torí etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Orin ń lọ nínú Chrome, èmi ń tẹ̀wé nínú Word. Extension kan (ètò kékeré tí a ń fi kún Chrome) ni mo fi ń dá orin dúró láti orí kíbọ́ọ̀dù.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, bí mo bá tẹ bọ́tìnì ìdádúró, orin á dákẹ́ fìrí, á tún máa lọ. Ẹsẹ kan ṣoṣo, ìgbà mẹ́fà ni mo gbọ́ ọ lánàá! Bí mo bá fi máòsì tẹ àwòrán extension náà, ó ń dúró dáadáa.

Mo ti yọ extension náà, mo sì tún fi í sí i. Mo ti sọ bọ́tìnì rẹ̀ di Global (kí ó lè ṣiṣẹ́ bí mo bá tilẹ̀ wà nínú Word) ní chrome://extensions/shortcuts. Bí mo bá fi Ctrl+Shift+1 rọ́pò bọ́tìnì ìdádúró, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń dá ọwọ́ mi dúró lẹ́nu ìwé títẹ̀.

Láti ẹ̀dà 73, ní 2019, ni Chrome fúnra rẹ̀ ti ń gba bọ́tìnì orin. Mo fura pé àwọn méjèèjì ń gba àṣẹ kan náà: ọ̀kan pa á, èkejì tún tàn án.

Báwo ni mo ṣe lè pa ti Chrome, kí extension nìkan máa gba bọ́tìnì náà?