Pápá ogun Waterloo lórí tábìlì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ́ pápá ogun Waterloo kékeré, ti June 18, 1815, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon ti ilẹ̀ Faransé, ṣọ́jà oníke 1/72 (èèyàn gidi fi ìlọ́po 72 tóbi jù ú lọ) ni mo ń lò, ìyẹn àwọn tí ò ga ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí mo bá fi ìwọ̀n yẹn ṣe ilẹ̀ náà, 500 mítà péré á gba nǹkan bíi mítà 7, pálọ̀ mi ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀! Ṣé kí n kúkú kọ́ ilé oko Hougoumont tó wà ní pápá ogun náà nìkan ni, àbí kí n fún ilẹ̀ náà pọ̀ kó lè kéré sí i?

Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Òjò rọ̀ gan-an mọ́jú ọjọ́ ogun yẹn, ẹrẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn. Mo po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ iyẹ̀pẹ̀ àti pénńtì, ó rẹwà nígbà tó tutù, àmọ́ tó bá gbẹ tán ńṣe ló ń sán, kí lẹ máa ń fi sí i táá fi máa dán bí ẹrẹ̀ tútù? Ẹ má dárúkọ gọ́ọ̀mù àwọn ṣumékà fún mi o, fóòmù tí mo fi ṣe ilẹ̀ náà ló ń jẹ. Báwo lẹ sì ṣe ń pín bọ́ọ̀dù tí pápá ogun náà wà lórí ẹ̀ kó lè gba ẹnu ọ̀nà, tójú ibi tẹ́ ẹ ti pín in ò ní hàn?