Físà mi kọ 01 o! Ẹ̀yin tó ti lọ Sarajevo, ẹ gbà mí

Àdùkẹ́, Peckham
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun, orí mi ti gbóná. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ Sarajevo, ní Bosnia. Dubrovnik, ní Croatia, ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì sí, àlọ àtàbọ̀, torí pé ó pọ̀ọ́kú, kí n wọ bọ́ọ̀sì látibẹ̀. Alẹ́ àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo físà Schengen mi dáadáa, èyí tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ibi tí mo rò pé MULT (kéèyàn wọlé léraléra) wà, 01 (ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo) ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Páálí aláwọ̀ ewé ṣì ni tèmi o. Ṣé mo lè lọ? Mo ti sanwó ilé, wọn kì í dá a padà.

Bàbá Ìbejì, Manchester
Má gba Dubrovnik lọ. Ó ṣe mí rí, 2023. January ọdún yẹn ni Croatia wọ Schengen, èmi ò fọkàn sí i. Mo ti Split, ní Croatia, wọ Mostar, ní Bosnia, mo jẹ, mo mu, mo ya fọ́tò lórí afárá. Ìgbà tí mò ń padà, ọlọ́pàá bọ́dà mú bírò, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ kan 01 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n já báàgì mi sílẹ̀, bọ́ọ̀sì bá tirẹ̀ lọ. Bí o bá ti jáde kúrò ní Schengen lọ Bosnia, físà 01 ẹ ti tán nìyẹn. Sarajevo ni mo ti wọ bàálù, mo gba Istanbul dé ilé. £340. Ìyá Ìbejì ò tíì yéé fi mí ṣẹ̀sín.

Tóyìn, Houston
Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Báwo lẹ ṣe wọ Bosnia gan-an? MULT làwọn náà ń béèrè kéèyàn tó lè fi físà Schengen wọlé.

Bàbá Ìbejì
Ẹni tó wà níbẹ̀ wo ìwé ìgbélùú UK mi, ó lu òǹtẹ̀. Ṣé kí n wá máa bá a jiyàn ni?

Ṣẹ́gun, Dublin
Ẹ̀ ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ti Split lọ Dubrovnik, a gba Neum kọjá, ilẹ̀ Bosnia sì ni. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Àǹtí Ronkẹ́, Leeds
Ṣẹ́gun, ọdún wo?

Ṣẹ́gun
2019.

Àǹtí Ronkẹ́
Croatia ò tíì sí nínú Schengen nígbà yẹn! Afárá Pelješac tí wọ́n ṣí ní 2022 làwọn èèyàn ń gbà báyìí, ẹsẹ̀ ẹ ò tiẹ̀ ní í kan Neum. Má ti ọmọ sínú kànga.
Àdùkẹ́, pe ẹ́ḿbásì Bosnia ní London láàárọ̀ ọ̀la, kí o bi wọ́n bóyá wàá gba físà tiwọn, kí o wá wá bàálù tó lọ Sarajevo tààrà. Tó o bá débẹ̀, má ṣẹ́ owó ju èyí tó o máa ná lọ. Èmi gbé máàkì 200, owó Bosnia, padà wálé, ó ju Euro 100 lọ. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó ní Leeds, ṣe ni wọ́n ń wò ó bí ẹni pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ ní pálọ̀ mi.

Tóyìn
Tó o bá sì ti Belgrade wọ bọ́ọ̀sì, bi wọ́n léèrè gáréèjì tí wọ́n ń lọ. Lukavica ni wọ́n já mi sí, lẹ́yìn ìlú, láàárín òru. Mo rò pé gáréèjì kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Ṣẹ́gun
Ará Houston tí kò mọ̀ ju ká wọ mọ́tò lọ ra búrẹ́dì lọ!

Tóyìn
Ó sàn ju Dublin tí òjò ti fẹ́ gbé lọ.

Bàbá Ìbejì
Ṣùgbọ́n ìlú yẹn dùn, mi ò ní parọ́. Ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan tó o bá fẹ́ wọ ọkọ̀ orí wáyà lọ sókè Trebević, kí o fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Wàá rí ojú ọ̀nà bobsleigh (ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín) ti Òlíḿpíìkì 1984, wọ́n ti fi ọ̀dà kun gbogbo ara ẹ̀. Má yà wọ inú igbó o, bọ́ǹbù ìgbà ogun ò tíì tán lórí àwọn òkè Bosnia. Nírọ̀lẹ́, gun Žuta Tabija, odi àtijọ́ kan lórí òkè, ọ̀fẹ́ ni. Òrùlé pupa lọ súà nísàlẹ̀, òkè yí i ká, wọ́n ń pe ìrun. Ká ní wọ́n di ojú mi débẹ̀ ni, màá ní Mapó ni mo wà.

Ṣẹ́gun
Ará Ìbàdàn! Kò síbi tẹ́ ẹ lọ tí ẹ ò ní rí Mapó. Olúmọ ni kẹ́ ẹ sọ.

Àǹtí Ronkẹ́
Èmi ọmọ Èkìtì ń wò yín. Ṣé Mapó yẹn náà lẹ̀ ń pè lókè?

Tóyìn
Kí ẹnikẹ́ni má bèèrè burek (oúnjẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n ń ki nǹkan sínú ẹ̀) oníwàràkàṣì níbẹ̀ o. Ẹlẹ́ran nìkan ni burek, sirnica ni ti wàràkàṣì. Ìyá tó ń tà á wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n gbé àmàlà ẹlẹ́wà wá.

Bàbá Ìbejì
Ćevapi! Ẹran yíyan, àlùbọ́sà tútù, inú búrẹ́dì gbígbóná. Ata nìkan ló kù. Lọ́jọ́ kejì, mo kàn ń rántí ìyá aláta tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Bẹẹrẹ. Kì í ṣe pé ebi ń pa mí o.

Àdùkẹ́
Mo ti pe ẹ́ḿbásì, wọ́n ò gbé e. Mo ti rí bàálù tó lọ tààrà, ṣùgbọ́n mi ò tíì sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n máa ń gba ata gígún lọ́wọ́ èèyàn ní pápákọ̀?

Àǹtí Ronkẹ́
Èmi gbé tèmi kọjá. Dì í mọ́ inú aṣọ, kí o mú gàárì dání.

Ṣẹ́gun
Ti Ìjẹ̀bú o.