Justice League méjì: èwo ni kí n wò, kí ló dé tí àwòrán kò kún ojú tẹlifíṣọ̀n?

Ajífíìmù:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà nídìí fíìmù. Justice League, fíìmù tí Superman, Batman àtàwọn akọni yòókù ti para pọ̀ jà, ni mo fẹ́ wò, àmọ́ méjì ni mo rí: ti 2017 tó jẹ́ wákàtí 2, àti Zack Snyder's Justice League ti 2021 tó lé ní wákàtí 4. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n, tí wọ́n kàn fa ti ẹ̀yìn gùn? Yàtọ̀ síyẹn, ẹ̀dà gígùn yẹn kò kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Ó dúdú lápá ọ̀tún, ó dúdú lápá òsì. Ṣé ayédèrú ni? Àwọn wo ló sì yẹ kí n ti wò kí n tó débẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bó ṣe parí.

Àrẹ̀mọ Krypton:
Kì í ṣe ayédèrú rárá, bí olùdarí ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Snyder ní ojú sinimá IMAX ńlá tó ga sókè lọ́kàn nígbà tó ń ya fíìmù náà, ó sì fi í sílẹ̀ ní 1.33:1, ìyẹn ni pé bí ìbú bá jẹ́ 4, gíga á jẹ́ 3. Tẹlifíṣọ̀n òde òní jẹ́ 16 sí 9. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, àwòrán náà á gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbú ojú tẹlifíṣọ̀n, ìdá kan nínú mẹ́jọ á sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ohun tí ẹ rí bá ṣe rí nìyẹn, kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ni orí rìmóòtù. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń yan bí àwòrán ṣe máa tóbi tó, kí ẹ fi sí 16:9 tàbí Just Scan (àwòrán bó ṣe wá gan-an, láìgé nǹkan kan). Ẹ má fọwọ́ kan Zoom. Kí àwòrán yìí tó lè kún ìbú, Zoom gbọ́dọ̀ gé ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀ dànù, lókè àti nísàlẹ̀, orí àwọn tó dúró ló sì máa kọ́kọ́ lọ. Tí ẹ bá sì fà á gbòòrò dípò Zoom, gbogbo èèyàn á sanra ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé dúdú yí àwòrán ká, lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, a jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù náà wá ni wọ́n fi sí 4:3. Ẹ dá a padà sí 16:9 níbẹ̀, kì í ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ti 2017 fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú tẹlifíṣọ̀n tán nítorí pé 1.85:1 ni wọ́n gé e sí. Ẹ gbé ìran kan tó wà nínú méjèèjì síra wọn, ẹ óò rí iye òkè àti ìsàlẹ̀ tí wọ́n yọ kúrò.

Ìyá Kọ́míìkì:
Ẹ ṣeun, Àrẹ̀mọ. Àbúrò, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Oṣù Karùn-ún 2017 ni Snyder fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ikú ọmọbìnrin rẹ̀. Joss Whedon ló parí rẹ̀: ó kọ ìran tuntun, ó tún ọ̀pọ̀ yà, wọ́n sì gé gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ sí ìṣẹ́jú 120. Orin náà yí padà: wọ́n mú Junkie XL kúrò, Danny Elfman ló ṣe ti 2017, Junkie XL sì padà wá ṣe ti 2021. Ẹ wo ètè òkè Superman nínú ti 2017. Henry Cavill ní irùnmú fún fíìmù mìíràn nígbà tí wọ́n pè é padà, kò sì lè fá a, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi pa irùnmú náà rẹ́. Ìdí tí ojú rẹ̀ fi dà bí ohun tí wọ́n fi àmọ̀ mọ nìyẹn. Nínú ti 2021, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ìran wọ̀nyẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni ti Cyborg, akọni tó jẹ́ ìdajì èèyàn, ìdajì ẹ̀rọ. Marv Wolfman àti George Pérez dá a sílẹ̀ ní 1980, àárín òun àti bàbá rẹ̀ sì ni gbogbo agbára ìtàn rẹ̀. Ẹ̀dà kúkúrú gé bàbá àti ọmọ yẹn mọ́lẹ̀ débi pé ọmọkùnrin náà di ẹni tó kàn ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ fáwọn yòókù. Nínú ẹ̀dà gígùn, òun ni ọkàn fíìmù náà. Darkseid náà, tí Jack Kirby fi ṣe olórí ibi nínú ìwé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò fojú hàn rárá ní 2017.

Olójú Sinimá:
Bí ẹ ṣe máa tò wọ́n: Man of Steel (2013), lẹ́yìn náà Batman v Superman (2016), kí ẹ wá wo ẹ̀dà 2021. Wonder Woman (2017) wúlò tí ẹ bá fẹ́ mọ àwọn obìnrin jagunjagun Amazon dáadáa, kò pọn dandan.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra ní ti Batman v Superman. Ultimate Edition ni kí ẹ wá, ìṣẹ́jú 182, kì í ṣe ti sinimá tó jẹ́ 151. Nínú ti sinimá, wọ́n ka ẹ̀sùn ìpànìyàn kan sí Superman lọ́rùn nílẹ̀ Áfíríkà, ìbọn ló sì pa àwọn èèyàn náà, ta ni yóò gbà pé Superman ń yìnbọn? Ultimate dáhùn: wọ́n sun òkú wọn kó lè jọ iná ojú rẹ̀. Ó tún ṣàlàyé òjé tí wọ́n fi bo inú kẹ̀kẹ́ arọ kan, ojú Superman kò lè ríran kọjá òjé, ìyẹn ni kò fi rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Láìsí ìṣẹ́jú 31 yẹn, ìwà àwọn èèyàn inú fíìmù náà kò nídìí.

Dúdú Ìlú:
Mi ò fara mọ́ ọn kí a da ti 2017 nù pátápátá. Superman tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń fi ìjà sílẹ̀ kó lọ gba ará ìlú là, sún mọ́ ti ìwé kọ́míìkì ju bí Snyder ṣe yà á lọ. Ẹ̀dà gígùn sì ní àléébù tirẹ̀: eré tí wọ́n mú falẹ̀ pọ̀ jù, àsọkẹ́yìn rẹ̀ sì ń palẹ̀ mọ́ fún fíìmù tí wọn kò yà. DC, ilé iṣẹ́ tó ni àwọn akọni wọ̀nyí, ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú Superman ti James Gunn ní 2025, David Corenswet ló sì wọ aṣọ náà báyìí.

Ìyá Kọ́míìkì:
Òótọ́ ni ti ẹ̀rín yẹn, Dúdú Ìlú. Síbẹ̀, ẹ̀dà gígùn ni kó kọ́kọ́ wò. Tó bá kọ́kọ́ wo ti kúkúrú, yóò ti mọ ibi tí ìjà ń lọ, adùn Apá 6, ìyẹn apá tó kẹ́yìn nínú ẹ̀dà gígùn, á sì ti tán.

Ajífíìmù:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Zoom ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n fún àwọn fíìmù yòókù, mo ti yọ ọ́. Ṣé mo lè pín wákàtí 4 náà sí ọjọ́ méjì?

Àrẹ̀mọ Krypton:
Ẹ lè pín in. Apá 6 ló ní, pẹ̀lú àsọkẹ́yìn, àkọlé sì máa ń jáde níbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró nígbà tí àkọlé Apá 4 bá jáde, kí ẹ gbé e látibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ní dátà tó bíi GB 12 nílẹ̀ fún àwòrán HD.